Ìwé Kan, Ọwọ́ Púpọ̀: Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe fún Àwọn Ọmọ Tó Ń Kàwé Nílé

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń kọ́ níwèé nínú ilé lè mọ̀wé dáadáa, nítorí pé ojú olùkọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òbí nìkan kò lè fún un, ìyẹn ni ẹgbẹ́ tí yóò bá a jiyàn, tí yóò bá a pín iṣẹ́, tí yóò sì kọ́ ọ ní sùúrù. Ìdí nìyí tí àwọn ìdílé tó ń kọ́ ọmọ nílé fi máa ń kó ara wọn jọ, yálà wọ́n wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ní London tàbí Houston, kí àwọn ọmọ wọn lè máa pàdé déédéé. Ìṣòro tó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 13 lè jọ ṣe láìsú èyí àgbà, láìpá èyí àbúrò láyà. Ìwé ìtàn ọmọdé tó ti pẹ́ lọ́wọ́ aráyé, tí ìran kan ti kà fún ìran kejì, ni ìdáhùn tó dára jù lọ. Gbogbo ọmọ lè gbọ́ ìtàn kan náà, kí olúkúlùkù sì mú nínú iṣẹ́ rẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti mọ.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Charlotte Mason, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé láti 1842 sí 1923, fi ìlànà kan lélẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ṣì ń tẹ̀ lé: kí a ka ìtàn fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọmọ náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó padà. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí bí ọmọ ṣe ń gbọ́ àlọ́ lálẹ́ òní ló ṣe ń pa á fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe jẹ́ ìtẹ̀síwájú èyí. Lẹ́yìn tí ẹnu bá ti rò ó, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ lé ohun tí ẹnu rò. Òfin kan ṣoṣo ni kí ẹgbẹ́ fi sọ́kàn: iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti inú ìwé jáde, ó sì gbọ́dọ̀ mú kí ọmọ tún ìwé náà ṣí. Iṣẹ́ tí ọmọ lè ṣe parí láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn, eré lásán ni, bó ti wù kó dùn tó.

Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni àlọ́ Ìjàpá, pàápàá fún àwọn ọmọ tí kò tíì lè dá ìwé kà. Adébóyè Babalọlá ṣa ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ sínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá, ìwé tí òbí lè máa kà sókè fún gbogbo ẹgbẹ́. Bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe é ni kí a ṣe é: kí a kọ́kọ́ fi àlọ́ àpamọ̀ ta ọpọlọ àwọn ọmọ jí, kí a tó bọ́ sórí àlọ́ àpagbè, kí gbogbo ẹnu sì máa gbe orin rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí a gbé Ìjàpá lọ sí kóòtù. Ọmọ kan á jẹ́ adájọ́, èkejì á gbẹnu sọ fún Ìjàpá, ẹ̀kẹta á rojọ́ fún ẹranko tí Ìjàpá rẹ́ jẹ, àwọn yòókù á sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kò sí ẹlẹ́rìí tó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò sí nínú àlọ́ náà. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, kí agbẹjọ́rò béèrè ibi tó wà nínú ìwé. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ tó ti jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ Ìjàpá lẹ́ẹ̀kan, tó gbọ́ tẹnu olùpẹ̀jọ́ àti tẹnu olùjẹ́jọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un títí ọjọ́ ogbó.

Fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìwé, ìtàn ehoro tí Beatrix Potter kọ, The Tale of Peter Rabbit, yẹ wọ́n púpọ̀. Ìwé náà kò bẹ̀rẹ̀ bí ìwé rárá. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893, Potter kọ lẹ́tà aláwòrán sí Noel Moore, ọmọdékùnrin kan tí ara rẹ̀ kò yá, láti dá a lára yá. Nígbà tó yá, ó sọ lẹ́tà náà di ìwé, àwọn òǹtẹ̀wé kọ̀ ọ́, ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹ̀dà 250 ní 1901. Ní 1902 ni ilé iṣẹ́ Frederick Warne tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ronú ẹni kan tí ara rẹ̀ kò yá, tàbí ìyá àgbà tó ń dá gbé, kí ó sì kọ lẹ́tà aláwòrán sí i. Kí ìtàn inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹranko tí ọmọ náà mọ̀ dáadáa: ewúrẹ́ àdúgbò, adìyẹ tó ń yé sẹ́yìn ilé, ológbò alájọgbé. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n sọ lẹ́tà di ìwé kékeré. Bí a bá ká abala pépà 4 sí méjì, tí a kì wọ́n bọ inú ara wọn, tí a sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán àárín wọn, ojú ewé 16 ni yóò jáde. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣírò ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì pín ìtàn náà sójú ewé kí wọ́n tó mú yíǹkì.

Charlotte's Web, tí E. B. White kọ ní 1952, jẹ́ ìtàn ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ń jẹ́ Wilbur àti aláǹtakùn kan tó ń jẹ́ Charlotte. Wọ́n fẹ́ pa Wilbur jẹ, aláǹtakùn sì gba ẹ̀mí rẹ̀ là nípa kíkọ ọ̀rọ̀ ìyìn sínú okùn rẹ̀, kí ojú ayé lè rí i. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìwé yìí. Èkíní jẹ́ ti ojú. Kí ẹgbẹ́ jáde ní kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì ń mú kí okùn aláǹtakùn hàn, kí wọ́n wá a lẹ́bàá ọgbà àti lábẹ́ òrùlé. Bí ìrì kò bá sí, kí a rọra fín omi díẹ̀ sí i. Kí ọmọ ka ẹsẹ̀ aláǹtakùn títí yóò fi pé mẹ́jọ, kí ó ya bí okùn náà ṣe tàn láti àárín, kí ó má ṣe fọwọ́ kàn án, kí ó sì padà sínú ìwé láti wo ohun tí White sọ nípa bí Charlotte ṣe ń hun tirẹ̀. Iṣẹ́ kejì jẹ́ ti ọkàn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fa orúkọ ẹnìkan nínú ẹgbẹ́, kí ó wá ọ̀rọ̀ kan péré tó bá ẹni náà mu ní tòótọ́, kí ó fi okùn hun ún sórí páálí, kí ó sì dúró láti sọ ohun tí ó rí tó fi yan ọ̀rọ̀ náà. Ìyìn tí kò ní ẹ̀rí kò ṣeé gbà. Kí òbí tún mọ̀ pé Charlotte kú nínú ìwé náà, ó sì fi ẹyin 514 sílẹ̀. Àwọn ọmọ yóò béèrè nípa ikú. Kí a má ṣe yí ojú ìwé kọjá kíákíá, nítorí pé ibi tí ọmọ ti ń sunkún ẹnìkan nínú ìtàn ni ó ti máa ń rọrùn jù láti bá a sọ̀rọ̀ nípa òkú tirẹ̀.

Ìwé tó yẹ fún oko dídá ni The Secret Garden, tí Frances Hodgson Burnett tẹ̀ jáde ní 1911. Mary Lennox, ọmọ òrukàn tí wọ́n kó wá láti Íńdíà sí Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọgbà kan tí wọ́n ti tì pa fún ọdún 10. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún un ṣe, bí ọgbà náà sì ṣe ń sọjí ni ìwà àti ìlera àwọn ọmọ náà ń sọjí. Ẹgbẹ́ tó bá ka ìwé yìí láìfọwọ́ kan ilẹ̀ ti pàdánù ìdajì rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí iṣẹ́ náà bọ́ sí oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Kí a wá ilẹ̀ kékeré tí a ti pa tì, kí àwọn ọmọ ṣán an, kí wọ́n kọ ebè, kí wọ́n sì gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá. Tẹ̀tẹ̀ máa ń tó í já láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, nítorí náà sùúrù ọmọ kékeré kò ní tán. Ilá máa ń tó nǹkan bí oṣù méjì, èyí á kọ́ ọmọ àgbà ní ìdúró. Ewédú ní ìdánwò tirẹ̀. Èèpo kóró rẹ̀ le, kì í sì í tètè hù bí a kò bá kọ́kọ́ fi omi gbígbóná jí i. Kí àgbàlagbà ri ìdajì kóró náà sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kí àwọn ọmọ gbin ìdajì yìí sí ebè kan, ìdajì tí a kò rì sí ebè kejì, kí wọ́n sì máa ka iye tó hù lójoojúmọ́. Àwọn ìdílé tó wà ní òkè òkun lè fi ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n má gbé ilá síta kí òtútù tó lọ tán.

Àwọn ọmọ tó ti tó ọdún 9 tàbí 10 ti lè gba Treasure Island, ìwé Robert Louis Stevenson tó jáde ní 1883. Máàpù ló bí ìwé yìí. Ní 1881, ní Braemar ní ilẹ̀ Scotland, Stevenson àti ọmọ ìyàwó rẹ̀, Lloyd Osbourne, wà nínú ilé nígbà tí ojú ọjọ́ kò dára. Máàpù erékùṣù tí wọ́n yà níbẹ̀ ni Stevenson fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn. Nítorí náà, máàpù ni kí ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi ìṣísẹ̀ wọn ọgbà tàbí pápá tí wọ́n wà, kí wọ́n mọ ìlà-oòrùn nípa ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí wọ́n fi kọ́ńpáàsì yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ya máàpù tó ní ìwọ̀n: bí àpẹẹrẹ, ìṣísẹ̀ 10 sí ìbú ìka kan. Kí ọ̀wọ́ kìíní wá ri ìṣúra mọ́lẹ̀, kí wọ́n kọ ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀wọ́ kejì sì wá a. Àwọn ọmọ yóò tètè rí i pé ìṣísẹ̀ ọmọ ọdún 7 kì í ṣe ìṣísẹ̀ ọmọ ọdún 12, wọn yóò sì mọ̀ fúnra wọn ìdí tí aráyé fi wá ìwọ̀n kan tí kì í yí padà. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó júwe ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ kó yé ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ owó kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ọmọ, ìwé tó sì kọ́ ọ láìfi ìwàásù ṣe é ni Chike and the River tí Chinua Achebe tẹ̀ jáde ní 1966. Chike kúrò ní abúlé lọ sọ́dọ̀ arákùnrin òbí rẹ̀ ní Onitsha, ọkàn rẹ̀ sì fà sí àtisọdá odò Ọya sí Asaba, ṣùgbọ́n kò ní owó ọkọ̀. Ó gbìyànjú ọ̀nà àbùjá, oníjìbìtì tó ní òun lè sọ owó di púpọ̀ sì rẹ́ ẹ jẹ. Nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi rí owó náà. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Kí ẹgbẹ́ yan ibi kan tí wọ́n fẹ́ lọ, bíi ọgbà ẹranko tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí àwọn ọmọ sì fi iṣẹ́ wá owó ọkọ̀ ara wọn: fífọ mọ́tò, títa ẹ̀pà sísun tàbí ẹ̀fọ́ inú ọgbà tí wọ́n gbìn. Kí akápò tí wọ́n yàn máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Kí wọ́n tún lọ bá àwọn bàbá àti ìyá àgbà láti béèrè bí wọ́n ti ń náwó nígbà ayé Chike. Nàìjíríà kò yí sí náírà títí di ọjọ́ kìíní ọdún 1973, nígbà tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ṣílè 20 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, tó sì gbọ́ nípa tọ́rọ́ àti sísì lẹ́nu ẹni tó ná wọn, á lè fi ìṣirò rí i pé ṣílè kan di kọ́bọ̀ 10. Kí ìjíròrò parí lórí oníjìbìtì náà, nítorí pé àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ lóde òní ti wọ inú fóònù.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kúyẹ̀, ìwé J. F. Ọdúnjọ, ẹni tó kọ Aláwíyé, jẹ́ ìtàn ọmọ òrukàn kan tó yadi tó sì dití, àti ìyà tí àwọn èèyàn fi jẹ ẹ́ nítorí pé kò lè sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ bá ti ka apá kan nínú rẹ̀, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kan fún wákàtí kan láìsọ̀rọ̀: kí wọ́n jọ se oúnjẹ, kí wọ́n jọ tẹ́ tábìlì, kí wọ́n jọ jẹun. Kí a sọ fún wọn ṣáájú pé kì í ṣe láti fi adití ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ohùn bá padà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ìgbà tí inú bí i jù, àti ẹni tó fi ojú gbọ́ ọ yé. Bí adití kan bá wà ládùúgbò tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni díẹ̀ nínú èdè ọwọ́, kí a pè é, kí a sì bọ̀wọ̀ fún un bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́.

Fún àwọn tó ti ń di ọ̀dọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ló kàn. D. O. Fágúnwà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938, Yorùbá inú rẹ̀ sì jinlẹ̀, nítorí náà kí àgbàlagbà máa kà á sókè, kí ó má ju ojú ewé díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́. Arúgbó kan tọ akọ̀wé wá, ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó sì kọ ìtàn òun sílẹ̀. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Kí ẹgbẹ́ pe àgbàlagbà kan, kí ó sọ ìrìn àjò kan tó rìn tàbí iṣẹ́ kan tó ṣe nígbà èwe rẹ̀, kí àwọn ọmọ sì kọ ọ́ ní méjì méjì: ọ̀kan á máa béèrè, èkejì á máa kọ. Àwọn tó wà lókè òkun lè fi fóònù ṣe é pẹ̀lú àwọn òbí àgbà tó wà nílé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n bọ́ sórí ìrìn àjò àwọn ọdẹ sí Òkè Láńgbòdó. Àwọn tó bá Àkàrà-ògùn, arúgbó tó ni ìtàn náà, lọ ní ẹ̀bùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn. Kí àwọn ọmọ sọ ìrìn àjò náà di eré orí ìtàgé, bí Wálé Ògúnyẹmí ti ṣe nínú Lángbòdó tí wọ́n gbé jáde ní àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977. Kí a pín iṣẹ́ bí ẹ̀bùn bá ti rí: ẹni tó lè yàwòrán kó ya igbó, ẹni tó lè lùlù kó lu ìlù, ẹni tí ojú ń tì kó di ìwé mú lẹ́yìn aṣọ, kó máa rán àwọn òṣèré létí.

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́. Ìdílé 4 sí 6 tó. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kan á máa wòran. Kí a so ọmọ àgbà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọmọ kékeré kan, kí a sì ka ìwé náà nílé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Wákàtí méjì ni kí ìpàdé gbà: kí a fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ro ìtàn, wákàtí kan fún iṣẹ́, kí ìyókù jẹ́ ti oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ sísọ. Kí òbí kan máa darí ìwé kan, kí ẹlòmíì gba èyí tó kàn, kí àárẹ̀ má baà mú ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ owó kò sì yẹ kó dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìwé Potter, ti Stevenson àti ti Burnett tí a dárúkọ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Project Gutenberg. Ti White àti ti Achebe ni kí ẹgbẹ́ dáwó jọ rà, tàbí kí wọ́n yá ní ilé ìkàwé. Kí ẹ̀dà Yorùbá má ṣe wọ́n nínú àpótí ìwé wọn.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun mẹ́ta ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkíní ni òbí tó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ọmọ kí iṣẹ́ lè rẹwà. Máàpù wíwọ́ tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà sàn ju èyí tó tọ́ tí ìyá rẹ̀ yà fún un lọ. Èkejì ni fíìmù tó gba ipò ìwé. Bí fíìmù bá wà, lẹ́yìn ìwé ni kí a wò ó, kí àwọn ọmọ sì sọ ohun tí fíìmù náà yí padà. Ẹ̀kẹta ni sísọ gbogbo nǹkan di ìdánwò. Ọmọ tó mọ̀ pé wọn yóò fún òun ní máàkì lórí gbogbo ìtàn tí òun bá gbọ́ yóò dẹ́kun àtigbọ́ ìtàn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé má dúró de ọjọ́ tí gbogbo nǹkan yóò pé. Kí ó mú ìwé kan tó fẹ́ràn, kí ó pe ìdílé mẹ́ta, kí wọ́n dá ọjọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.